Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Àkókò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní Geneva

Sí ẹ̀yin ọmọ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé,

Ẹ̀yin ẹni iyì, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ̀yin 18 péré lẹ jókòó ti ìwé àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé tí orílẹ̀-èdè 196 ti gbà wọlé, tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Amẹ́ríkà nìkan ló kù tí kò tíì fi òǹtẹ̀ lù ú. Láti ọdún 1989 tí ìwé náà ti wà, kò sí ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mìíràn tí orílẹ̀-èdè pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu yín tó ọ̀rọ̀ níwájú àwọn ìjọba. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín dípò kí n kọ ọ́ sí mínísítà kan ṣoṣo.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ. Bí orílẹ̀-èdè kan bá tún wá jíhìn níwájú yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè iye iléèwé, iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti òfin tí wọ́n ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bi wọ́n pé: báwo ni àkókò tí àgbàlagbà tó fẹ́ràn ọmọ ń rí lò pẹ̀lú rẹ̀ lójúmọ́ ṣe tó, kí sì ni ìjọba ń ṣe tí àkókò náà fi ń pọ̀ sí i tàbí tó fi ń dín kù?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè náà lè dà bí ọ̀rọ̀ inú ilé tí kò kan ìjọba. Kò sí ìjọba tí kì í sọ pé àwọn ọmọdé ni ọ̀la. Wọ́n á kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n á fi ṣe ọ̀rọ̀ ìwúrí lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé ìṣúná wọn, ẹ wá ẹni tó ń tọ́ ọmọ náà gan-an níbẹ̀, ẹ ò ní rí i. Wọ́n ka bíríkì, wọ́n ka tábìlì, wọ́n ka olùkọ́. Wákàtí tí ìyá tàbí bàbá fi jókòó ti ọmọ tó ń bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, òdo ni wọ́n kà á sí. Èmi sì gbà pé nínú wákàtí tí wọ́n kà sí òdo yẹn gan-an ni àwùjọ ti ń mọ ara rẹ̀, yálà ó mọ ọ́n ire tàbí ó mọ ọ́n ibi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú jù, torí ibẹ̀ ló ti hàn gbangba jù. Lọ́dún 1966, Nicolae Ceaușescu tó ń ṣàkóso Ròmáníà fòfin de oyún ṣíṣẹ́, ó sì mú kí ìfètòsọ́mọbíbí nira, nítorí ó fẹ́ kí èèyàn pọ̀ kí òṣìṣẹ́ lè pọ̀. Àwọn òbí bí ọmọ tí agbára wọn kò gbé, ìjọba sì ní kí wọ́n kó wọn wá, òun á tọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n lé e kúrò lórí oyè ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ayé gba ìwé àdéhùn yín wọlé, gbogbo ayé wá rí àwọn ilé ìtọ́jú náà, tí ọmọ tó wà nínú wọn lé ní 100,000.

Ọ̀pọ̀ ilé náà burú débi tí ẹnu kò gbà á sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gbà mí lọ́kàn jù ni àwọn tó sàn díẹ̀. Oúnjẹ wà níbẹ̀, ibùsùn wà, aṣọ wà, ẹni tó ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí wà. Ẹni tí ọmọ lè pè ní tirẹ̀ ni kò sí. Olùtọ́jú kan ló ń mójú tó ọmọ mẹ́wàá sókè, bí ó bá sì ti tó wákàtí mélòó kan, ẹlòmíràn á wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ á sunkún, kò ní sí ẹni tó máa dá a lóhùn. Nígbà tó bá yá, á dákẹ́, kò ní sunkún mọ́. Àwọn àlejò tó wọ yàrá àwọn ọmọ ọwọ́ wọ̀nyẹn sọ pé bí ibẹ̀ ṣe pa lọ́lọ́ ló ba àwọn lẹ́rù jù.

Ní ọdún 2000, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Bucharest pẹ̀lú ọmọ 136 tó ń gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ kèké lé wọn lórí: ìdajì lọ sọ́dọ̀ ìdílé alágbàtọ́, ìdajì tó kù wà lábẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. (Ọ̀rọ̀ kèké yìí ṣì ń kọ mí lóminú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé alágbàtọ́ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ nígbà náà, tí wọn kò sì dí ọ̀nà mọ́ ọmọ kankan tí ààyè bá yọ fún láti kúrò.) Àwọn tó rí ìdílé kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì ló jèrè jù: òye wọn ga ju ti àwọn tó kù lọ, wọ́n sì lè fara mọ́ èèyàn bí ọmọ ṣe ń fara mọ́ òbí. Àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó jáde rí tiwọn náà gbà, àmọ́ kò tó ti àwọn àkọ́kọ́. Ní 2004, Ròmáníà ṣòfin pé kí wọ́n má kó ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì sí irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn yẹn. Ọmọ lè ní gbogbo ohun tí ìjọba mọ̀ ọ́n kà, kó má sì ní ohun tó ń sọ èèyàn di ẹni tó lè bá èèyàn gbé. Èsì ni ọpọlọ ọmọ ọwọ́ ń retí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń wò ó bóyá ẹnì kan á rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbóhùn sókè, ó ń dúró de ohùn mìíràn. Ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ kí ẹni tó gbé e lánàá tún gbé e lónìí. Inú ìlọbọ̀ yìí ni yóò ti kọ́ pé ayé ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí kò kọ́ ọ níbẹ̀, mi ò sọ pé kò lè kọ́ ọ mọ́ o. Mo ní iṣẹ́ tó máa ṣe yóò pọ̀, àwọn tó bá sì ń bá a gbé ládùúgbò yóò jọ ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n fẹ́ wọn kọ̀.

Ẹ lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò gbé lọ́dọ̀ òbí nìyẹn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kingston, ní Jàmáíkà. Láàárín 1986 sí 1987, Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan ọmọ 129, ọmọ oṣù 9 sí 24, tí àìjẹunre ti dá ìdàgbàsókè wọn dúró, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbé nílé òbí wọn. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́rin. Wọ́n ń fún àwọn kan ní wàrà aṣaralóore lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń lọ bá àwọn kan nílé fún nǹkan bíi wákàtí kan lọ́sẹ̀, tòun ti ohun ìṣeré tí wọ́n fọwọ́ ṣe, láti bá ọmọ àti ìyá rẹ̀ ṣeré, kí ìyá lè máa bá a lọ lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ. Àwọn kan gba méjèèjì. Àwọn kan kò gba ìkankan. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí wọ́n wá àwọn ọmọ náà rí ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, tí wọ́n ti di òṣìṣẹ́, owó tó ń wọlé fún àwọn tí wọ́n bá ṣeré fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọn kò bẹ̀ wò lọ. Wọ́n ti lé àwọn ojúgbà wọn bá, àwọn tí àìjẹunre kò ṣe. Wàrà nìkan kò fi irú ipa bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: mi ò ní kí wọ́n má bọ́ ọmọ. Ọmọ tí ebi ń pa kò ráyè eré. Ohun tí mò ń sọ ni pé wákàtí kan lọ́sẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà, tí kò gbé ẹ̀rọ kankan dání, ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ètò olówó gọbọi kò rí ṣe. Ó sì dá mi lójú pé ìdí tí iṣẹ́ náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé kì í ṣe àlejò ló tọ́ ọmọ náà. Ìyá ló tọ́ ọ. Àlejò kàn fi hàn án pé ohun tó ń ṣe nígbà tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ẹní kì í ṣe ìfàkókòṣòfò. Ọ̀pọ̀ òbí ni ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn fún rí láyé wọn.

Wàyí o, àkókò nìkan kọ́. Kí ni ọmọ ń rí nínú àkókò náà?

Ní 1961, ní Yunifásítì Stanford, Albert Bandura àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó ọmọ kéékèèké 72 jọ. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan wo àgbàlagbà kan tó ń lu ọmọláńgidi rọ́bà ńlá, tó ń fi òòlù onígi gbá a, tó sì ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n wá fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọláńgidi kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn lù ú bí wọ́n ṣe rí i kí wọ́n lù ú, wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ àgbàlagbà náà sọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n ṣe é. Ó ti tó pé wọ́n rí i.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Kenneth àti Mamie Clark. Ní àwọn ọdún 1940, tọkọtaya onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá yìí gbé ọmọláńgidi funfun àti dúdú síwájú àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí wọ́n mú èyí tó dára, kí wọ́n mú èyí tí kò dára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà mú funfun pé òun ló dára, wọ́n mú dúdú pé òun ni kò dára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní kí wọ́n mú èyí tó jọ wọ́n. Ní 1954, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà tọ́ka sí iṣẹ́ wọn nígbà tó dájọ́ pé pípín iléèwé ìjọba ní ti àwọ̀ ara lòdì sí òfin. Mi ò rò pé ìyá kankan jókòó kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kó kórìíra ara rẹ̀. Ojú pópó ló kọ́ ọ, àti ìjókòó ọkọ̀, àti bí àwọn èèyàn kan ṣe ń yí ojú kúrò lára òbí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gbogbo wa. Ọmọ ń wo bí bàbá rẹ̀ ṣe ń bá ẹni tí kò lè ṣe é lóore kankan sọ̀rọ̀. Ó ń wo ẹni tó máa ń dìde lẹ́yìn oúnjẹ àti ẹni tó máa ń jókòó. Ó ń gbọ́ orúkọ tí a ń pe àwọn tí kò sọ èdè wa, nígbà tí a rò pé ó ti sùn. Bí a bá kọ́ ọ ní iléèwé pé gbogbo ènìyàn dọ́gba, á gba máàkì nínú ìdánwò, á padà sílé, á sì máa bá ohun tó rí nílé lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé kíláàsì ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí lásán tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló rọrùn jù fún ìjọba láti kọ sínú ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹgba. Ìwé àlàyé kẹjọ tí ẹ kọ lórí ìwé àdéhùn náà, ti ọdún 2006, ti sọ ojú abẹ níkòó: kí òfin má fàyè gba nínà ọmọ níbikíbi, títí kan inú ilé. Bẹ́ẹ̀, ní 2024, UNICEF ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 mílíọ̀nù ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìyẹn mẹ́fà nínú mẹ́wàá, tí wọ́n máa ń nà tàbí tí wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ gún lára nílé ní orúkọ ìbáwí. Mo mọ àwọn tó máa ka èyí tí wọ́n á ní ẹgba ló sọ àwọn di èèyàn. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ èèyàn rere lóòótọ́. Èmi rò pé ohun mìíràn ló sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó nà wọ́n náà ló dúró tì wọ́n nígbà àìsàn, tó sì mọ orúkọ gbogbo ọ̀rẹ́ wọn. Ọwọ́ òsì tó fà wọ́n mọ́ra ló ṣiṣẹ́, wọ́n wá gbé oríyìn fún ọ̀tún.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wo Swídìn dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ, tí a kì í sì í sọ ìtàn rẹ̀ tán. Òun ló kọ́kọ́ fòfin de nínà ọmọ, ní 1979. Òfin náà kò ní ìjìyà tirẹ̀ nínú. Ohun tí ìjọba ṣe ni pé wọ́n fi ìwé pẹlẹbẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tó ní ọmọ, wọ́n sì tẹ àlàyé òfin náà sára páálí wàrà, kí òbí àti ọmọ lè jọ kà á nídìí tábìlì. Èyí tí a kì í sọ ni pé ní 1974, ọdún márùn-ún ṣáájú òfin yẹn, Swídìn ti di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fàyè gba bàbá àti ìyá láti jọ pín ìsinmi olówó fún ìtọ́jú ọmọ. Lónìí, ìsinmi náà jẹ́ 480 ọjọ́ fún ọmọ kan. Àwọn òbí tí òfin ní kí wọ́n gbé ẹgba sílẹ̀ ti ní ohun tí wọ́n lè fi dípò rẹ̀.

Ẹni tó jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́, tó wọlé nígbà tí ọmọ ti fẹ́ sùn, tí ọ̀gá rẹ̀ ti bú láàárọ̀, tí kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa yàn fún un lọ́la, tí ọmọ wá da omi sílẹ̀. Ẹ sọ fún mi, níbo ni sùúrù yóò ti wá? Àlàyé ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbájú ń gba ìṣẹ́jú àáyá kan. Mi ò fi èyí dá ẹnikẹ́ni láre. Mo ní bí ẹ bá yìn ìjọba kan pé ó ti fòfin de ẹgba, tí ìjọba náà sì ń jẹ́ kí àwọn agbanisíṣẹ́ gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ òbí, ìdajì iṣẹ́ lẹ ṣe.

Bàbá ńkọ́? Abala 18 nínú ìwé àdéhùn yín sọ pé ojúṣe òbí méjèèjì ni títọ́ ọmọ, pé ìjọba sì gbọ́dọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo obìnrin tó bímọ lẹ́nu iṣẹ́, ti ọdún 2000, ní kí ìsinmi ìyá má dín ní ọ̀sẹ̀ 14. Kò ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún bàbá. Ọmọkùnrin tó ń dàgbà nínú ayé tí òfin fúnra rẹ̀ ti gbà pé bàbá kò ní ohun tó fẹ́ ṣe nílé, kí la fẹ́ kó rò nípa iṣẹ́ ìtọ́jú nígbà tó bá di ọkọ?

Lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní í pẹ́. Ẹ ti kọ ìwé àlàyé 25 lé e lórí ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo ẹ̀rọ rárá, kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má wò ó ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n fóònù ò já wọlé bí olè. Àyè tó ṣófo ló bá, ló bá jókòó síbẹ̀. Bí ẹ bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ ò sì fi èèyàn dípò rẹ̀, á tún wá a kiri.

Àwọn tó sọ pé ọ̀dọ́langba kò fẹ́ rí òbí sójú mọ́, kí wọ́n wo Áísílàǹdì. Ní 1998, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 15 àti 16 níbẹ̀, 42 ló sọ pé àwọn ti mutí yó láàárín oṣù tó kọjá. Ní 2016, iye náà ti wálẹ̀ sí 5. Wọn ò fi ọlọ́pàá ṣe é. Wọ́n ṣòfin wákàtí tí ọmọdé kò gbọ́dọ̀ kọjá níta lálẹ́, ìjọba ìlú ń bá ìdílé sanwó eré ìdárayá àti orin kí ọmọ tálákà náà lè rí ibi lọ lẹ́yìn iléèwé, àwọn òbí kóra jọ ní iléèwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé ohun tí wọ́n máa fàyè gbà àti èyí tí wọn ò ní í fàyè gbà. Wọ́n sì ń pín ìwé ìbéèrè fún àwọn ọmọ fúnra wọn déédéé. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń bi wọ́n ni bí wọ́n ṣe ń wà pẹ̀lú òbí wọn sí. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè mi kì í ṣe àlá?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò dá. Àwọn ìjọba kan ti gbọ́ tipẹ́tipẹ́ pé ẹni tó bá tọ́ ọmọ ló ni ọ̀la, wọ́n sì fi ìmọ̀ náà ṣe ìkà. Ní Kánádà, láti apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí wọ àwọn ọdún 1990, ìjọba àti àwọn ìjọ kó ọmọ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan bí 150,000, kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ń nà wọ́n torí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn. Ní Ọsirélíà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Aborigine, àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ibẹ̀. Olórí ìjọba orílẹ̀-èdè méjèèjì tọrọ àforíjì ní gbangba ní 2008. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn dàgbà láìrí bí òbí ṣe ń ṣe òbí, wọ́n bí ọmọ tiwọn, wọ́n ń wá àpẹẹrẹ tí wọ́n máa tẹ̀ lé, wọn ò rí i. Ìyẹn ni pé jàǹbá náà kò dúró lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní kí ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́, kì í ṣe kó gba ọmọ. Kì í sì í ṣe kó rán ẹni tó máa wá máa ka iye ìgbà tí ìyá rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ó dá àkókò padà fún àwọn tó ni ọmọ, kí ó sì yẹra. Àwọn òṣìṣẹ́ Kingston fi ohun ìṣeré sílẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Bí ẹ bá ń yẹ ètò ìjọba kankan wò, ẹ lè fi ìyẹn díwọ̀n rẹ̀: ṣé òbí lágbára sí i lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ìjọba kúrò nílé rẹ̀, àbí agbára rẹ̀ dín kù?

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọ̀rọ̀ mi dá òbí lẹ́bi. Ìwádìí Dunedin ní New Zealand, tó ń tẹ̀ lé nǹkan bí 1,037 èèyàn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn ní 1972 sí 1973, fi hàn pé ọmọ tó mọ bí a ti ń kóra ẹni níjàánu ní kékeré sábà máa ń ní ìlera àti owó tó dáa sí i nígbà tó bá dàgbà, tí kì í sì í tètè bá òfin jà. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà fi hàn pé àwọn tí ìkóra-ẹni-níjàánu wọn sunwọ̀n sí i bí wọ́n ṣe ń dàgbà ṣe dáadáa ju bí a ṣe lè rò látẹ̀yìnwá. Olùkọ́ rere, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ tó gbọ́n, olùkọ́ni eré ìdárayá, gbogbo wọn náà ń tọ́ ọmọ. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Àkókò àwọn igba yẹn náà wà nínú ohun tí mo ní kí ẹ béèrè. Olùkọ́ tó ní ọmọ 60 níwájú, ìṣẹ́jú mélòó ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́?

Ohun tí mo ń fẹ́ gan-an rèé. Nínú àkójọ ìbéèrè tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè kí wọ́n tó wá bá yín jíròrò, ẹ fi ti àkókò sí i. Ẹ béèrè ọjọ́ ìsinmi olówó tí ìyá ní àti èyí tí bàbá ní, kí ẹ sì béèrè iye àwọn tó lò ó ní tòótọ́, torí òfin tó wà nínú dúróà kò gbé ọmọ pọ̀n. Ẹ bi wọ́n bóyá òbí tó ń ṣiṣẹ́ aláìníwèé, tí kò ní agbanisíṣẹ́ tí òfin mọ̀, ní ohunkóhun. Ẹ béèrè iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, bí ẹni kan náà ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ tó, àti iye tí wọ́n ń san fún un. Ẹ béèrè àwọn tó ń bẹ ìyá tuntun wò nílé. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti ń ṣe ìwádìí bí àwọn aráàlú ṣe ń lo wákàtí ọjọ́. Ẹ ní kí wọ́n yọ èyí tó kan ọmọdé síta, kí wọ́n pín in sí ti olówó àti ti tálákà. Ìwé àlàyé yín 19, ti ọdún 2016, ti ní kí ìṣúná fi ọmọdé hàn. Èyí kò ju ìgbésẹ̀ kan sí i lọ.

Bí ìjọba kan bá sì dáhùn pé àwọn kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú àbájáde yín bẹ́ẹ̀, ní gbangba, kí ẹ ní kí wọ́n mú un wá nígbà tí wọ́n bá tún ń jíhìn lọ́dún márùn-ún sí i. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fún àwọn ọmọdé láàyè láti bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó pe ìjọba wọn jókòó, gẹ́gẹ́ bí abala 12 ṣe fi ẹ̀tọ́ náà fún wọn. Ẹ bi àwọn náà. Ẹ má bi wọ́n bóyá òbí wọn fẹ́ràn wọn. Ẹ bi wọ́n ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí wọn ní iléèwé, àti aago mélòó ni ẹni náà máa ń dé.

Mo ń retí èsì yín.

Tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan tó tún jẹ́ olùkọ́